ÌTÀN ÌGBÉSÍ AYÉ ÀÌNÁ ỌNÀBÓLÚ, AYÀWÒRÁN

Ní ìlú Ìjẹ̀bú-Òde ni a bí Àìná Ọnàbólú ní ọdún 1882. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ọmọ náà sí ilé-ẹ̀kọ́, ó hàn gbangba pé àwòrán inú ìwé ni ó ń fa ojú rẹ̀ mọ́ra ju ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ. Ìbá à ṣe ìwé ìsìn, ìbá à ṣe ìwé àwọn oníṣòwò, bí àwòrán bá ti wà nínú rẹ̀, yóò jókòó tì í, yóò sì máa yà á títí yóò fi jọ. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Ìwé wọ̀nyí ni olùkọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1900 ó lọ sí Èkó láti tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà ó sì wọ iṣẹ́ ìjọba. Nínú owó oṣù rẹ̀ ni ó ti ń ra ọ̀dà àti bébà. Ní ọdún 1906, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, ó fi ọ̀dà olómi ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, a sì ń sọ̀rọ̀ àwòrán náà títí di òní.

Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Òyìnbó gbà pé ènìyàn dúdú lè gbẹ́ igi, ṣùgbọ́n pé kò lè ya ojú ènìyàn kí ó jọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àwọn ayàwòrán Yúróòpù ti ń ṣe é. Àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ pẹ̀lú kò fẹ́ kí a kọ́ ọmọ ní àwòrán yíyà. Ọnàbólú kò bá wọn fi ẹnu jà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi dá wọn lóhùn.

Ìgbà tí a bá jí ni òwúrọ̀ ẹni. Ní ọdún 1920, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún méjìdínlógójì, ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán tí í ṣe St. John's Wood. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ní Académie Julian ní ìlú Paris pẹ̀lú. Ní ọdún 1922 ó gba ìwé ẹ̀rí, ó sì padà sí ilé.

Ó lè jókòó sí Èkó kí ó máa ya àwọn olówó, kí ó sì jẹun lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ni ó gbà lọ, àwọn bíi King's College àti CMS Grammar School. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí ohun tí ó jìnnà ṣe ń kéré lójú, tí èyí tí ó súnmọ́ni sì ń tóbi, àti bí a ti ń fi èyí hàn lórí bébà. Ó tẹnu mọ́ ẹ̀kọ́ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi sọ ọ́ ní Mister Perspective.

Nígbà tí ó rí i pé iṣẹ́ náà ju agbára ẹnìkan lọ, ó rọ ìjọba láti wá olùkọ́ mìíràn, Kenneth Murray sì dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1927. Èrò àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Murray fẹ́ kí ọmọ dúró ti iṣẹ́ ọnà àwọn baba rẹ̀. Ọnàbólú gbà pé ìmọ̀ kì í ṣe ti ẹ̀yà kan, ẹni tí ó bá kọ́ ọ ni ó ni ín. Ọ̀nà méjèèjì ni ó so èso: Ben Enwonwu tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, ọmọ ẹ̀kọ́ Murray ni, ṣùgbọ́n ìpè Ọnàbólú ni ó mú Murray wá.

Ọnàbólú kú ní ọdún 1963. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ kan bá ń ya àwòrán sí etí ìwé ìṣirò rẹ̀, ẹ má ṣe yára gbé pàṣán. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ó yà.