Marie Curie: Obìnrin tó ṣàwárí radium, tí ìtànṣán padà ṣe níjàǹbá

Ìtànṣán tí àwọn dókítà fi ń pa jẹjẹrẹ lónìí kò ṣeé dárúkọ kéèyàn má dárúkọ Marie Curie.

Ọjọ́ 7, oṣù Kọkànlá, ọdún 1867 ni wọ́n bí i ní Warsaw, Pólándì. Yunifásítì ibẹ̀ kì í gba obìnrin nígbà náà, ló bá ń kọ́ ọmọ àwọn olówó nílé wọn títí tó fi lọ kàwé ní Paris lọ́dún 1891.

Òun àti ọkọ rẹ̀, Pierre, ló ṣàwárí polonium àti radium lọ́dún 1898. Wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ Nobel lọ́dún 1903 pẹ̀lú Henri Becquerel. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin pa Pierre lọ́dún 1906, ọmọbìnrin méjì ló fi sílẹ̀. Marie ò dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ó tún dá Nobel kejì gbà lọ́dún 1911.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí Ṣábẹ̀ àti gbogbo Dahomey wà lábẹ́ Faransé, Marie kó ẹ̀rọ X-ray sínú ọkọ̀ lọ sójú ogun, kí àwọn dókítà lè rí ibi tí ọta ìbọn há sí lára àwọn ọmọ ogun.

Nígbà tó ṣàìsàn, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, wọ́n sì gbé e lọ sílé ìtọ́jú àwọn alárùn ẹ̀dọ̀fóró ní Passy. Ẹ̀jẹ̀ ni wàhálà wà: mùdùnmúdùn egungun rẹ̀ kò pèsè ẹ̀jẹ̀ tó mọ́. Dókítà rẹ̀ ní ó jọ pé ìtànṣán tó ti gbà sára fún ọ̀pọ̀ ọdún ló fà á. Ó kú lọ́jọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 1934, lẹ́ni ọdún 66.

Irú àṣìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì wà lónìí. Tí wọ́n bá tan ìtànṣán sí àyà nítorí jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀fóró lè wú, pàápàá láàárín oṣù 1 sí 6 lẹ́yìn ìtọ́jú. Ikọ́ gbígbẹ, àìlèmí dáadáa àti ibà díẹ̀ ni àmì rẹ̀, àwọn kan á sì pè é ní òtútù àyà. Oògùn steroid ni dókítà sábà máa ń fi wò ó. Ẹ má dá a lò fúnra yín.

Nítorí náà, ẹni tó bá gba ìtànṣán ní UCH Ìbàdàn tàbí LUTH l'Ékòó, tó wá padà sílé ní Ṣábẹ̀, kó má fi ọ̀rọ̀ ìtọ́jú náà pamọ́ fún dókítà tó bá ń wo ikọ́ rẹ̀.

Títí di òní, inú àpótí òjé ni ìwé iṣẹ́ Marie Curie wà ní Paris. Ìtànṣán ò tíì kúrò lára wọn.