Bísọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac: Afúnrúgbìn tí Kò Rí Ìkórè

Ní àkókò júbílì, ó yẹ kí á rántí àwọn tí ó fi ẹ̀mí wọn ṣe ìpìlẹ̀ ilé tí à ń yin Ọlọ́run nínú rẹ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa rí. Òun ni Bísọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac.

Ìlú Castelnaudary, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ni a ti bí i ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún 1813. Ó gba oyè àlùfáà ní ọdún 1838. Ní ọdún 1842 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà, níbi tí a ti fi í jẹ bísọ́ọ̀bù ní ọdún 1846, ní Coimbatore.

Ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún níbẹ̀ ni pé kí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà di àlùfáà, kí Ìjọ má baà jẹ́ àlejò láàrin wọn títí láé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá a fi ohùn ṣọ̀kan. Àríyànjiyàn tún wà lórí àṣà tí ó pín àwọn ará Íńdíà sí ipò gíga àti ipò rírẹlẹ̀. Ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó sinmi. Ó bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ Póòpù Píọ̀s Kẹsàn-án pé kí ó gba ipò náà lọ́wọ́ òun, Póòpù sì gbà ní ọdún 1855. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni nígbà náà. Lójú ènìyàn, iṣẹ́ rẹ̀ ti forí ṣánpọ́n.

Ṣùgbọ́n kò padà sílé lọ jókòó. Ó tọrọ pé kí á rán òun sí àwọn ènìyàn Áfíríkà tí a ti pa tì jùlọ, ó sì dárúkọ Dàhòmì. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 1856, òun àti àwọn díẹ̀ tí ó tẹ̀lé e kúnlẹ̀ níwájú Ìyá wa ti Fourvière ní Lyon, wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Àwọn Míṣọ́nnárì ti Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí S.M.A. Dàhòmì ni ó béèrè. Sàró, èyíinì ni Sierra Leone, ni Róòmù fún un ní ọdún 1858. Ó gbà, ó sì lọ.

Ó gúnlẹ̀ sí Freetown ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1859. Ibà pọ́njú ń jà níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, òun náà dákẹ́. Ọjọ́ 42 péré ni ó lò ní Áfíríkà.

Ta ni kò ní wí pé ó parí? Síbẹ̀, Bàbá Augustin Planque tí ó kù ní Lyon kò jẹ́ kí iná náà kú. Ní ọdún 1860 Róòmù dá Dàhòmì sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìhìnrere, ó sì fi í lé S.M.A. lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1861, Bàbá Borghero àti Bàbá Fernandez gúnlẹ̀ sí Ouidah. Ẹnìkẹta wọn, Bàbá Edde, ti kú lójú ọ̀nà ní Freetown. Ní ọdún 1864 iṣẹ́ náà dé Àjàṣẹ́.

Ẹ wá wo bí Ọlọ́run ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá a du ní Íńdíà ṣẹ ní ilẹ̀ tí kò dé. Ní ọdún 1928, Bàbá Thomas Mouléro, ọmọ Kétu, gba oyè àlùfáà, ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Dàhòmì. Ní ọdún 2020 Póòpù Francis kéde Bísọ́ọ̀bù Brésillac ní Ẹni Ọ̀wọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbin oko tí kò so, ẹ̀yin tí ẹ sin ọmọ, ẹ̀yin tí àdúrà yín dàbí ẹni pé kò gbà, ẹ rántí ibojì Freetown. Ọlọ́run kò gba Bísọ́ọ̀bù yìí lọ́wọ́ ikú, bẹ́ẹ̀ ni kò sì jẹ́ kí ikú rẹ̀ ṣòfò. Oníkòó ni Olúwa. Ó mọ àkókò tí irúgbìn ń hù. Kí á fi ọ̀nà wa lé e lọ́wọ́. Àmín.