J. S. Bergheim, Agbẹ́kànga Epo Àtijọ́ ní Agbègbè Òkìtìpupa

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ibi tí ìtàn epo rọ̀bì Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀, Oloibiri ní ọdún 1956 ni yóò dárúkọ. Èmi ọmọ Ìkálẹ̀ kò lè gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú ìgbà náà ni J. S. Bergheim ti ń gbẹ́ kànga epo ní ìhà ọ̀dọ̀ wa.

Bergheim kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Ní ilẹ̀ Galicia, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Austria nígbà náà, òun àti W. H. McGarvey, ọmọ Kánádà, ti jọ ṣe iṣẹ́ epo tí ó lókìkí. Ọ̀dà dúdú tí ń sun láti inú ilẹ̀ wa, èyí tí a ń pè ní bítúmẹ́nì, ni ó fà á wá síbí pẹ̀lú Nigerian Bitumen Corporation. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní ilé-iṣẹ́ Jámánì, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìjọba amúnisìn yá a ní £25,000. Láti ọdún 1908, wọ́n gbẹ́ kànga tí ó lé ní mẹ́wàá. Wọ́n rí ọ̀dà àti epo kíki, ṣùgbọ́n kò tó èyí tí a lè tà jèrè. Ní ọdún 1912, ìjàǹbá mọ́tò pa Bergheim. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ náà dópin.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé rírí epo ọ̀tọ̀, fífà á jáde ọ̀tọ̀. Omi a máa yára ṣàn ju epo kíki lọ. Bí a bá fa epo ní àfajù, omi ìsàlẹ̀ yóò gòkè wá gba ojú kànga. Ní ayé Bergheim, òòró ni kànga ń lọ, páìpù irin ni wọ́n sì fi ń dí omi. Lónìí, a ń gbẹ́ kànga tí ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí kànga ti tẹ̀ ni ìfà ti máa ń le jù, ibẹ̀ ni omi sì sábà ń kọ́kọ́ gbà wọlé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dín ihò páìpù kù níbẹ̀, kí epo lè wọlé dọ́gba-dọ́gba. Wọ́n sì ń fi rọ́bà tí ń wú dí ibi tí omi ti ya wọlé.

Ọ̀dà ṣì wà nínú ilẹ̀ wa. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí a kò bá kọ́ ìmọ̀ yìí, àlejò ni yóò tún wá gbẹ́ kànga, àwa yóò sì máa wòran.