ALÍÙ BABÁTÚNDÉ FÁFÚNWÁ ÀTI ÌLÀNÀ-Ẹ̀KỌ́ ỌMỌ TÍ Ó WÀ LÁÀRIN: LÁTI ÌSÀLẸ̀-ÈKÓ DÉ MODÁKẸ́KẸ́

Ìfáàrà

Bí olùkọ́ bá dúró níwájú kíláàsì tí ó ní ogójì ọmọ, kì í pẹ́ tí yóò fi mọ àwọn tí orí wọn pé àti àwọn tí ìwé ń ni lára. Àwọn wọ̀nyí ni a máa ń dárúkọ ní yàrá àwọn olùkọ́. Ọ̀pọ̀ tí ó kù, àwọn tí kì í gba ipò kìíní tí wọn kì í sì í gbẹ̀yìn, kì í sábà ní ẹni tí ó ń rò tiwọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn gan-an ni òṣùwọ̀n tí a lè fi mọ ìlànà-ẹ̀kọ́ tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Ọmọ tí ó mọ̀wé jù yóò là á já bí a tilẹ̀ fi èdè Látìnì kọ́ ọ. Ọmọ tí ó wà láàrin ni yóò jìn sí kòtò tí àwa àgbà bá gbẹ́ sójú ọ̀nà.

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ìgbésí-ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Alíù Babátúndé Fáfúnwá, ẹni tí ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti ṣe ìlànà-ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́fà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí ó sì dán an wò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's A ní Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú ohun kan tí ó máa ń da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa láàmú: Fáfúnwá yàtọ̀ sí D. O. Fágúnwà. Òǹkọ̀wé ìtàn-àròsọ ni Fágúnwà, ó sì ti kú ní 1963, ó lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́fà kí iṣẹ́ Modákẹ́kẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Èkó

Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1923 ni a bí Fáfúnwá ní Ìsàlẹ̀-Èkó, sínú ẹbí Mùsùlùmí. CMS Grammar School ní Èkó ni ó ti gba ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ Mùsùlùmí tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Kírísítẹ́nì kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un pé ilé lè wà ní apá kan kí ilé-ìwé sì wà ní apá kejì. Ní 1948 ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó wọ Bethune-Cookman College ní Florida, ilé-ẹ̀kọ́ tí Mary McLeod Bethune, obìnrin aláwọ̀ dúdú, pilẹ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní 1950. New York University ni ó ti gba oyè kejì ní 1951 àti oyè ọ̀mọ̀wé ní 1955, a sì máa ń kà á sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́. Ọdún 1955 yìí kan náà ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹgbàágbèje ọmọ tí òbí wọn kò mọ̀wé rọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí a óò fi kọ́ wọn, àti èdè tí a óò fi kọ́ ọ, ni ìbéèrè tí ó kù.

Ní 1961 ó di olùkọ́ àgbà ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka. Ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ oyè tí ó pa ìmọ̀ ẹ̀kọ́ pọ̀ mọ́ ìmọ̀ míràn, irú èyí tí púpọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé yìí gbà, Fáfúnwá sì wà lára àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí rògbòdìyàn tí ó yọrí sí ogun abẹ́lé dé, ó padà sí ilẹ̀ Yorùbá, ó sì wá sí Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí a sọ di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987. Ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ àti olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́.

Ilé gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí Fáfúnwá fi ṣe ohun tí ó ṣe ní Modákẹ́kẹ́, kí ó wo ìwé ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà tí ó tẹ̀ jáde ní 1974. Kò bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ajíhìnrere bí àwọn kan ti máa ń ṣe. Ẹ̀kọ́ ilé ni ó fi ṣíwájú, ó sì ka ohun méje tí àwọn baba wa ń lépa nípa rẹ̀: kí ara ọmọ le kí ó sì já fáfá, kí ó ní ìwà, kí ó bọ̀wọ̀ fún àgbà àti aláṣẹ, kí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, kí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kí ó sì fẹ́ràn iṣẹ́, kí ó mọ̀ pé ará ilé àti ará ìlú ni òun, kí ó sì máa kópa nínú ọ̀rọ̀ wọn, kí ó mọ rírì àṣà àwọn tí ó bí i.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni èyí. Èrò tèmi ni pé ìlànà-ẹ̀kọ́ gidi ni, nítorí pé ìtẹ̀léra wà nínú rẹ̀. Kò sí ìyá tí ń rán ọmọ ọdún mẹ́ta lọ sí ọjà. Yóò kọ́kọ́ rán an sí yàrá kejì, lẹ́yìn náà sí ilé aládùúgbò, lẹ́yìn náà yóò fi owó díẹ̀ lé e lọ́wọ́ kí ó ra iyọ̀ ní ìkòríta. Nígbà tí ó bá di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, ó ti lè ta àkàrà, kí ó ṣẹ́ owó fún oníbàárà, kí ó sì jíṣẹ́ iye tí ó kù. Ibi ayò ni ó ti ń ka ọmọ ayò lórí láìfi ọwọ́ kàn án. Nínú oko ni ó ti mọ ewé tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti èyí tí ń yún ni lára. Gbogbo èyí ni ọmọ ń gbé wá sí ilé-ìwé, ọmọ tí ó wà láàrin sì gbé e wá bí olórí kíláàsì ti gbé e wá. Ohun tí ó dun Fáfúnwá ni pé ilé-ìwé ń gba ẹrù náà lọ́wọ́ ọmọ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń jù ú nù.

Modákẹ́kẹ́, 1970

Ìlànà tí ó wà lóde ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà náà ni pé kí a fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, kí a sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ tí ó bá ti kọ́ kíláàsì kẹrin rí mọ ohun tí í ṣẹlẹ̀. Ọmọ tí ó ń sọ̀rọ̀ fàlàlà ní ọdún tí ó kọjá, tí ó mọ bí a ti ń pa kòkó, bí a ti ń fọ́ ọ àti bí a ti ń sá a, yóò dákẹ́ bí ẹni tí omi kún ẹnu rẹ̀. Kì í ṣe pé ìmọ̀ ti tán nínú rẹ̀. Èdè tí a fi ń bi í ní ìbéèrè ni kò tíì gbọ́. Èyí tí ó wá burú jù ni pé fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìwé mẹ́fà ni òpin. Wọn kò ní rí ilé-ẹ̀kọ́ girama wọ̀. Bí wọ́n bá jáde láìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tí wọn kò sì lè kọ Yorùbá dáadáa, ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi jókòó lórí àga ti lọ lásán.

Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Institute of Education ti Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọdún mẹ́fà ní St. Stephen's A. Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ni ó fún wọn ní owó. Ní kíláàsì àdánwò, Yorùbá ni a óò fi kọ́ ohun gbogbo láti ọdún kìíní dé ọdún kẹfà. Ní kíláàsì tí a óò fi wé e, a óò ṣe bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, Yorùbá ní ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún mẹ́ta. Wọn kò gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ilé-ẹ̀kọ́ ìgboro ni, ní ìlú tí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti òwò ti ń bọ́ àwọn ènìyàn.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀ka-èdè kò gbọdọ̀ gbójú fò. Àwọn tí ó tẹ Modákẹ́kẹ́ dó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún jẹ́ àwọn tí ogun lé kúrò ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́ sì súnmọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò pẹ́kípẹ́kí. Ọmọ Modákẹ́kẹ́ tí ó ṣí ìwé Yorùbá yóò bá ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ abúlé Ifẹ̀ tí ó wà ní máìlì díẹ̀ sí i yóò ní láti kọ́ díẹ̀ kún un. Olùkọ́ tí yóò bá fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní láti bi ara rẹ̀ pé èdè abínibí ta ni.

Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n pín ìlànà-ẹ̀kọ́ náà sí: èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà, àti Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ìwé fún púpọ̀ nínú wọn. Lóòótọ́, Aláwìíyé J. F. Ọdúnjọ ti wà fún kíka Yorùbá láti ọdún pípẹ́, ṣùgbọ́n sáyẹ́ǹsì kíláàsì karùn-ún ní èdè Yorùbá kò sí níbì kankan. Wọ́n ní láti kọ ìwé, kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ti ń lò wọ́n. Iṣẹ́ tí ó tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí, òun sì ni àwọn ènìyàn kì í sábà rántí nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àríyànjiyàn lórí èdè abínibí. Ìṣirò nìkan tó láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ tí ó kọ 45 sílẹ̀ yóò pè é ní márùndínláàádọ́ta: márùn-ún ni ó dín nínú àádọ́ta, àádọ́ta fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Nọ́ńbà tí ojú rí àti èyí tí ẹnu pè gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dé ibì kan náà. Ọmọ tí ó ti ń ka owó lọ́jà kò ní bẹ̀rù èyí, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣètò ẹ̀kọ́ ní láti mọ ọ̀sẹ̀ wo ni yóò mú un wọlé, àti ohun tí yóò ti kọ́ ọmọ ṣáájú rẹ̀.

Nípa ti Gẹ̀ẹ́sì, àṣìgbọ́ pọ̀. Àwọn òbí kan rò pé Fáfúnwá fẹ́ gba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ọmọ àwọn. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Wọ́n kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè àkọ́kúntẹni, ẹni tí a dìídì kọ́ fún un ni ó sì ń kọ́ ọ, kì í ṣe olùkọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ń mẹ́hẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Afọláyan, onímọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn òpó iṣẹ́ náà.

Ohun tí wọ́n rí

Ní 1973 wọ́n mú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ míràn kún un, ti ìgboro àti ti oko, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni. Ìpín àkọ́kọ́ parí ní 1975. Àwọn tí ó ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ náà, lára wọn ni Ayọ̀túndé Yoloye ti Ìbàdàn àti Díbú Òjérìndé, ẹni tí ó wá di olórí àjọ JAMB lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, rí i pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́ kankan, àti Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wọ́n sì ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ nínú púpọ̀.

Ẹni tí ó bá mọ ètò ìwádìí lè béèrè pé ṣé kì í ṣe ìwé tuntun àti olùkọ́ tí a kọ́ dáadáa ni ó ṣe é. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ọmọ àgbẹ̀ tí ó wà láàrin lè mọ̀wé bí a bá ṣètò fún un, èyí sì kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbà gbọ́ nípa rẹ̀.

Láti Ifẹ̀ dé Àbújá

Fáfúnwá ti kópa nínú àpérò ìlànà-ẹ̀kọ́ tí ó wáyé ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, èyí tí ó bí ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀kọ́ tí a gbé jáde ní 1977. Ìlànà yẹn gbà pé kí a fi èdè abínibí tàbí èdè agbègbè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ, kí a sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì tó bá yá. Ààbọ̀ ohun tí Modákẹ́kẹ́ fi hàn nìyẹn. Tanzania ti ń fi Swahili kọ́ ọmọ rẹ̀ ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti 1967. Ní 1989 Fáfúnwá pẹ̀lú Juliet Ìyábọ̀dé Macauley àti J. A. Funnso Sokoya tẹ ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní ìwé, láti 1990 dé 1992 ó sì jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè. Ọdún mẹ́ta kò tó láti fi kọ ìwé sáyẹ́ǹsì ní èdè gbogbo tí ó wà ní Nàìjíríà. Ó kú ní Àbújá ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 2010, ó jẹ́ ẹni ọdún 87.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, bí ó ti rí ní St. Stephen's A gan-an. Ìwé kò tẹ̀lé e, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún olùkọ́ kò tẹ̀lé e. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà kéde pé a ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀; ìdí tí ó sọ ni pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò ní àwọn agbègbè tí ó ń lo èdè abínibí jù. Ìròyìn Modákẹ́kẹ́ ti wà nínú ìwé fún ọdún mẹ́rìndínlógójì nígbà tí a sọ èyí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ yóò bá ọmọ tí ó dákẹ́ ní kíláàsì kẹrin pàdé ní sáà tí ń bọ̀, ní Modákẹ́kẹ́ àti ní ibòmíràn.