ẸNI TÓ RÒ PÉ ÒUN TI TA JÉSÙ

*Àṣàrò Òwúrọ̀*
*Kíkà:* Hébérù 12:14-17, Jòhánù 6:35-40

  

Àwọn kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́wọ́ láti ọdún gbọọrọ. Ní gbogbo ìsọjí, bí wọ́n bá ti ní kí ẹni tó fẹ́ ronú pìwà dà jáde síwájú, wọ́n á tún jáde. Wọn ò padà sídìí ẹ̀ṣẹ̀ náà o, wọ́n ti fi í sílẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ náà ni kò fi wọ́n sílẹ̀. Ó lè jẹ́ oyún tí wọ́n ṣẹ́ nígbà èwe, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ burúkú tí wọ́n sọ sí òbí tó ti kú. Nítorí irú wọn ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn John Bunyan láàárọ̀ yìí. Ẹ ní sùúrù, ó gùn díẹ̀. Ẹ lè kà á tán nínú mọ́tò.

Ẹni tó bá dàgbà sínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ nílẹ̀ wa á mọ ìwé kan tó ń jẹ́ Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. David Hinderer, òyìnbó ará Jámánì tí àwọn CMS rán wá ṣiṣẹ́ Olúwa ní Ìbàdàn, ló túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Bunyan ló kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ wa mọ ìwé náà, a ò mọ ohun tí ojú ẹni tó kọ ọ́ rí kó tó lè kọ ọ́.

Abúlé Elstow, nítòsí ìlú Bedford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1628. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni kó máa tún ìkòkò irin àti àwo tó bá lu ṣe, iṣẹ́ yẹn lòun náà kọ́. Ìwé tó kà kò jù kó mọ̀ ọ́n kà, kó mọ̀ ọ́n kọ. Láti kékeré ló ti ń búra, tó ń ṣépè, tó ń purọ́. Ní 1644 ìyá rẹ̀ kú, oṣù tó tẹ̀ lé e àbúrò rẹ̀ obìnrin kú, kò sì pẹ́ rárá tí bàbá rẹ̀ fi fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ọdún náà gan-an ló wọṣẹ́ sójà, lọ́mọ ọdún 16, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ń bá ọba Charles jà. Nígbà kan tó yẹ kó wà lára àwọn tó fẹ́ lọ dó ti ìlú kan, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wọn ní kí òun lọ dípò rẹ̀. Ó gbà. Ibi tí onítọ̀hún ti ń ṣọ́nà ni ọta ìbọn ti bà á lórí, ó sì kú. Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé ìyẹn náà ò yí Bunyan padà.

Ìgbà tó gbéyàwó ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. Òtòṣì ni àwọn méjèèjì, wọn ò ní àwo kan tàbí ṣíbí kan láàárín ara wọn. Ìwé ìsìn méjì péré ni ìyàwó náà mú bọ̀ láti ilé bàbá rẹ̀. Wọ́n jọ ń kà á. Bunyan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ń bọlá fún àlùfáà títí kan aṣọ ọrùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti jẹun ọ̀sán tán, eré yá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí àlùfáà ti wàásù lórí pípa ọjọ́ Olúwa mọ́, ó tún lọ sí pápá abúlé lọ ṣe eré kan tí wọ́n máa ń fi ọ̀pá gbá igi kékeré sókè. Ó ti gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́ gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ló bá dà bíi pé ohùn kan bi í láti òkè bóyá yóò fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kó lọ sí ọ̀run rere, tàbí yóò dì í mú lọ sí ọ̀run àpáàdì. Ó dúró gbagidi. Ẹ gbọ́ ohun tó wá rò lọ́kàn: ó ní ẹ̀pa ò bóró mọ́, ẹ̀ṣẹ̀ òun ti kọjá ìdáríjì, bó bá sì jẹ́ pé ègbé náà lòun ń lọ, kí òun kúkú jẹ ayé òun dáadáa. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó ń bá eré lọ.

Ẹ wo iṣẹ́ tí ẹ̀bi ṣe níbẹ̀ yẹn. A máa ń rò pé bí ẹ̀bi bá ti ń jẹ ènìyàn lọ́kàn tó ni yóò ṣe sá fún ẹ̀ṣẹ̀ tó. Irọ́ ni. Ẹni tó ti gbà pé òun ò lè rí ìdáríjì gbà mọ́, kí ló tún fẹ́ máa ṣọ́ra fún?

Nígbà tó yá, obìnrin kan tí òun alára kì í ṣe ọmọlúàbí bá a wí lójú ọ̀nà nítorí ẹnu burúkú rẹ̀. Ojú tì í, ó jáwọ́ nínú ìbúra. Ó fi ijó sílẹ̀, ìyẹn gbà á tó ọdún kan. Àwọn aládùúgbò ń yìn ín, orí rẹ̀ sì ń wú. Èyí tó ṣòro fún un jù ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fẹ́ràn kó máa bá wọn fa agogo, ó wá ń rò pé asán ni. Ó jáwọ́, ṣùgbọ́n á ṣì lọ máa wò wọ́n. Ẹ̀rù bà á: bí agogo kan bá já lulẹ̀ ńkọ́? Ó lọ dúró sábẹ́ igi àjà ńlá kan. Ó tún rò ó pé agogo lè já, kó ta mọ́ ògiri, kó wá padà ba òun. Ó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ó tún rò ó pé bí odidi ilé agogo bá wó ńkọ́? Ló bá sá lọ. Èmi ò fi í rẹ́rìn-ín o. Mo mọ àwọn tí àlá kan ṣoṣo ń lé láti orí òkè àdúrà kan dé òmíràn.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló gbé e dé Bedford lọ́jọ́ kan. Ó bá àwọn obìnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin kan, tálákà ni wọ́n, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń yá oòrùn, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ó sún mọ́ wọn kó lè dá sí i, nítorí ó ti di ọ̀jẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Kò lè dá sí i. Ọ̀rọ̀ àtúnbí ni wọ́n ń sọ, àti bí òdodo tiwọn ò ṣe já mọ́ nǹkan kan lójú wọn. Ohun tó yà á lẹ́nu jù ni pé wọ́n mọ̀ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ làwọn, síbẹ̀ inú wọn ń dùn. Òun tí gbogbo ìlú ń pè ní ènìyàn rere, kò rí irú ayọ̀ yẹn rí.

Àwọn ló mú un mọ pásítọ̀ wọn, John Gifford. Ẹ má rò pé inú oyún ni Gifford ti di ẹni mímọ́ o. Ọ̀gá sójà ni lábẹ́ ọba nígbà kan, wọ́n dájọ́ ikú fún un, arábìnrin rẹ̀ ló bá a wá ọ̀nà tó fi sá lẹ́wọ̀n. Ó ń mutí, ó ń ta tẹ́tẹ́, kí Olúwa tó mú un. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ bí a ṣe ń di ẹlẹ́ṣẹ̀ mú.

Ibi tí ẹ̀ ń rò pé ìtàn máa parí sí ni ìdààmú gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Èrò kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọkàn Bunyan pé kó ta Jésù. Bó bá fẹ́ jẹun, èrò náà á ní kó fi Jésù gba oúnjẹ. Bó bá ń la igi, á ní kó fi Jésù gba igi. Ó tó ọdún kan tó fi ń bá èyí jà, débi pé á máa fi ìgúnpá ti afẹ́fẹ́ bí ẹni ń ti ènìyàn sẹ́yìn, á ní òun ò tà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lórí ibùsùn, ó ti rẹ̀ ẹ́, èrò kan kọjá lọ́kàn rẹ̀ pé kí Jésù máa lọ bó bá wù ú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò fi ẹnu sọ ọ́, kò fi ọwọ́ ṣe nǹkan kan. Ó jáde lọ sínú pápá bí òkú.

Fún ohun tó lé ní ọdún méjì, ọ̀rọ̀ Esau nínú Hébérù 12 ló ń gbọ́ létí: Esau ta ogún ìbí rẹ̀, ó sunkún, kò rí i gbà padà. Ó kó ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn inú Bíbélì jọ, ó ń fi tirẹ̀ wé tiwọn. Ó gbé e lé ti Dáfídì, ó ní tòun burú jù. Ó gbé e lé ti Mánásè, ó gbé e lé ti Pétérù, ó ní tòun burú jù. Ti Júdásì ló rí i pé ó jọ tòun. Ó tiẹ̀ dé ibi tó rò pé bí wọ́n bá kó ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ayé jọ, tòun nìkan tẹ̀wọ̀n jù ú lọ. Ẹ jọ̀ọ́, èyí kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀ bó ti wù kó jọ ọ́. Bí ẹ̀ṣẹ̀ mi bá tóbi ju ẹ̀jẹ̀ Jésù lọ, èmi ni mo tóbi nìyẹn.

Ó wá lọ bá Kristẹni àgbàlagbà kan. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé òun ti ṣẹ̀ sí Ẹ̀mí Mímọ́. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí bàbá náà sọ? Ó ní òun náà rò bẹ́ẹ̀! Bunyan ò bú u. Ó kàn rí i pé ènìyàn rere ni, àmọ́ ogun inú kò yé e. Ẹ̀yin tí àwọn ènìyàn ń sọ àṣírí ọkàn wọn fún, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ ṣọ́ ẹnu yín o. Gbólóhùn kan láti ẹnu àgbà lè fi ọdún kún ìyà ènìyàn.

Ohun tó fà á dúró ni Jòhánù 6:37, ibi tí Jésù ti ṣèlérí pé ẹni tó bá tọ òun wá, òun ò ní lé e dànù lọ́nàkọnà. Bunyan sọ pé òun àti Èṣù jọ fa ẹsẹ yẹn mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni, òun dì í mú lápá kan, Èṣù dì í mú lápá kejì. Ẹ ò rí i pé kò sọ pé ọkàn òun balẹ̀. Ó kàn ní òun ò jọ̀wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ó kọ odidi ìwé kan lórí ẹsẹ kan ṣoṣo yìí.

Ìtúsílẹ̀ dé lọ́jọ́ tó ń gba inú pápá kọjá, tí ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ó sọ sí i lọ́kàn pé ọ̀run ni òdodo rẹ̀ wà. Ó rí i pé Jésù tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún Ọlọ́run ni òdodo òun. Bí inú òun bá dùn, kò fi kún un. Bí inú òun bá bàjẹ́, kò yọ kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà Ọlọ́run ò lè sọ pé òun ò rí òdodo rẹ̀, iwájú Rẹ̀ gan-an ló wà. Ó ní ńṣe ni ṣẹkẹṣẹkẹ já kúrò lẹ́sẹ̀ òun.

Ó délé, ó ṣí Bíbélì láti wá ọ̀rọ̀ yẹn bó ṣe gbọ́ ọ. Kò rí i! Ọkàn rẹ̀ tún fẹ́ wó, àfi ìgbà tó rántí 1 Kọ́ríńtì 1:30, ibi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé Kristi ni Ọlọ́run fi ṣe òdodo wa. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn. Kò dúró lórí ohùn tó gbọ́ nínú pápá. Ó wá a lọ sínú Ìwé.

Kí n tó gbàgbé: ìyàtọ̀ wà láàárín ẹ̀bi àti gbèsè. Bí owó tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ṣì wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe ìtùnú lẹ nílò, ẹ lọ dá a padà bíi ti Sákéù. Ohun tí a ò lè dá padà mọ́ ni mò ń sọ.

Bunyan di oníwàásù. Ìyàwó rẹ̀ kú ní 1658, ó fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀, Mary tó jẹ́ àkọ́bí sì fọ́jú látìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó fẹ́ Elizabeth lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù kọkànlá 1660 wọ́n mú un níbi tó ti fẹ́ wàásù, torí òfin kò fàyè gba irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ìjọba. Elizabeth wà nínú oyún, ìpayà ọ̀rọ̀ náà mú kí oyún bàjẹ́. Kó sáà ti ṣèlérí pé òun ò ní wàásù mọ́, wọ́n á tú u sílẹ̀. Kò ṣe é. Ọdún 12 ló lò lẹ́wọ̀n Bedford, ó ń ṣe okùn bàtà níbẹ̀ kí àwọn ará ilé rẹ̀ lè jẹun. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó fọ́jú yẹn ló ń dùn ún jù.

Nínú ẹ̀wọ̀n ló ti kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, tó jáde ní 1666. Ibẹ̀ la ti mọ gbogbo ohun tí mo sọ lókè nípa ogun inú ọkàn rẹ̀. Àṣírí tó ń lé e bí ẹni ń lé ẹran nínú igbó, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ jáde kí ẹlòmíràn lè rí i kà.

Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ jáde ní 1678. Ẹ lọ tún un kà, kí ẹ wo ẹrù tí èrò náà gbé pọ̀n. Ẹsẹ̀ àgbélébùú ni ẹrù náà ti já bọ́, tó yí gbirigbiri wọ inú ibojì. Gbogbo wa la rántí ìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò kíyè sí ni pé kó tó débẹ̀, ó ti kan ilẹ̀kùn ẹnubodè tóóró, wọ́n ti ṣí i fún un, ó ti wọlé. Ẹrù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó wọlé. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó padà wá.

Ní oṣù kẹjọ 1688, bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ń jà, ọmọ náà sì ń bẹ̀rù pé bàbá òun á yọ òun kúrò nínú ogún. Bunyan gun ẹṣin lọ sí Reading lọ bá wọn parí rẹ̀, wọ́n sì rẹ́. Nígbà tó ń lọ sí London látibẹ̀, òjò ńlá pa á, ibà dé, ó kú lọ́jọ́ 31 oṣù náà nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ibojì rẹ̀ wà ní Bunhill Fields ní London títí dòní.

Ẹ ka Jòhánù 6:35-40 kí ẹ tó jáde nílé. Ẹni tó bá ní ohun tó wúwo lọ́kàn tó fẹ́ sọ, kó má kọ ọ́ sórí gúrúùpù kankan. Kó fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tó fi ń gba àṣàrò yìí, èmi nìkan ni mo máa kà á.