Stanislao Cannizzaro: Olùkọ́ tí ó Tú Kókó Ìwọ̀n Átọ̀mù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ìmọ̀ kẹ́mísìrì wà nínú àríyànjiyàn lórí ìwọ̀n átọ̀mù. Ẹni tí ó bojú wẹ̀yìn, tí ó sì rí ohun tí ó gbé ìmọ̀ náà ṣubú, ni Stanislao Cannizzaro, ọmọ ilẹ̀ Ítálì. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe. Inú ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni ó sì ti tú kókó náà.

Ìlú Palermo ní erékùsù Sicily ni a ti bí i ní ọjọ́ 13, oṣù Keje, ọdún 1826. Ìmọ̀ ìṣègùn ni ó kọ́kọ́ lọ kọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n kẹ́mísìrì ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ó lọ sí Pisa, ó sì di amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Raffaele Piria, ògbóǹtagí nínú ìmọ̀ náà. Nígbà tí àwọn ará Sicily dìde sí ọba tí ó ń jẹ lé wọn lórí ní ọdún 1848, Cannizzaro dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìjà náà kò yọrí sí rere. Ní ọdún 1849, ó sá àsálà lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó sì padà sẹ́nu ìwádìí ní Paris. Ó gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Alessandria ní ọdún 1851, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Genoa ní ọdún 1855.

Kí wá ni kókó tí ó tú? Láti ọdún 1808 ni John Dalton ti ń kọ́ni pé átọ̀mù ẹ́límẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé átọ̀mù sórí òṣùwọ̀n? Ìwádìí fi hàn pé nínú omi, bí háídrójìn bá wọn 1, ọ́ksíjìn yóò wọn 8. Bí ó bá jẹ́ átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ni ó para pọ̀ di omi, a jẹ́ pé ìwọ̀n ọ́ksíjìn jẹ́ 8. Bí háídrójìn bá jẹ́ méjì, ó di 16. Àwọn kan ń lo 8, àwọn mìíràn ń lo 16. Kábọ́ọ̀nù jẹ́ 6 lọ́dọ̀ àwọn kan, ó jẹ́ 12 lọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Kekulé kó ọ̀nà 19 tí àwọn onímọ̀ ń gbà kọ ásíìdì inú ọtí kíkan jọ sínú ìwé rẹ̀. Báwo ni olùkọ́ yóò ṣe kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní irú èyí?

Ojútùú ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1811, Amedeo Avogadro ti là á kalẹ̀ pé bí a bá bu oríṣiríṣi gáàsì ní ìwọ̀n àyè kan náà, tí ooru àti ìfúnpá wọn sì dọ́gba, iye mólékù inú wọn yóò dọ́gba. Ó tún sọ pé mólékù ẹ́límẹ́ǹtì lè ní ju átọ̀mù kan lọ. Díẹ̀ ni ó kọbi ara sí i. Ọdún 1856 ni ó kú, láìrí iyì iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1858, Cannizzaro kọ lẹ́tà sí De Luca, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Pisa, ó ṣàlàyé bí ó ṣe ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó gbé ìyìn fún Avogadro, kò gba ọgbọ́n àgbà náà mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní kí mólékù háídrójìn, tí ó ní átọ̀mù méjì, jẹ́ 2. Nítorí náà, gáàsì tí ó bá wúwo ju háídrójìn lọ ní ìlọ́po 22, ìwọ̀n mólékù rẹ̀ yóò jẹ́ 44. Lẹ́yìn èyí, ó wo ìpín ẹ́límẹ́ǹtì kan nínú mólékù oríṣiríṣi àdàpọ̀ rẹ̀. Nínú kábọ́ọ̀nù mónóksáídì, tí ó jẹ́ 28, ìpín kábọ́ọ̀nù jẹ́ 12. Nínú kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì, tí ó jẹ́ 44, 12 náà ni. Nínú ẹ́tílíìnì, tí ó jẹ́ 28, ó jẹ́ 24. Kò sí ibi tí ó ti jẹ́ 6. Nítorí náà, 12 ni ìwọ̀n átọ̀mù kábọ́ọ̀nù. Ọ̀nà kan náà ni ó fi hàn pé ọ́ksíjìn jẹ́ 16, tí mólékù omi sì jẹ́ 18.

Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1860, àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì tí ó lé ní 120 pé jọ sí Karlsruhe ní ilẹ̀ Jámánì láti fi ohùn ṣọ̀kan. Cannizzaro sọ̀rọ̀ gidigidi, síbẹ̀ ìpàdé náà parí láìsí ìpinnu pàtó. Bí wọ́n ti ń túká, Angelo Pavesi, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pín lẹ́tà náà fún wọn gẹ́gẹ́ bí ìwé pẹlẹbẹ. Lothar Meyer kà á, iyèméjì rẹ̀ sì pòórá. Dmitri Mendeleev náà wà níbẹ̀. Ìwọ̀n tuntun yìí ni ó fi to àwọn ẹ́límẹ́ǹtì sórí àtẹ tí ó gbé jáde ní ọdún 1869.

Cannizzaro padà sí Palermo ní ọdún 1861, ó sì lọ sí Rome ní ọdún 1871, níbi tí ó ti di ọmọ ilé aṣòfin àgbà. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 10, oṣù Karùn-ún, ọdún 1910. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni a mọ ìdí tí klórínì fi jẹ́ 35.5: oríṣi átọ̀mù rẹ̀ méjì ni ó wà, ìwúwo ọ̀kan sún mọ́ 35, ti èkejì sún mọ́ 37. Ìwúwo átọ̀mù jẹ́ ti átọ̀mù kan ṣoṣo. Ìwọ̀n átọ̀mù jẹ́ ìpíndọ́gba gbogbo oríṣi tí ó wà. Ìwọ̀n mólékù sì ni àpapọ̀ ìwọ̀n àwọn átọ̀mù inú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni ìgbésí ayé rẹ̀ jẹ́ fún àwa tí a ń kọ́ni. Cannizzaro kò ṣe àwárí ẹ́límẹ́ǹtì tuntun kankan láti fi parí ìjà yìí. Ohun tí ó ṣe ni pé ó to ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ kí ó lè yé ọmọ kíláàsì, àlàyé tí ó sì yé ọmọ kíláàsì ni ó la àwọn ọ̀mọ̀wé lójú.