Rock Hudson

Rock Hudson (orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Roy Harold Scherer Kékeré, 17 oṣù Kọkànlá ọdún 1925 – 2 oṣù Kẹwàá ọdún 1985) jẹ́ òṣèrékùnrin sinimá àti tẹlifíṣọ̀n ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó wà lára àwọn òṣèré Hollywood tí òkìkí wọn kàn jù lọ láàrín ọdún 1954 sí 1965. Nínú fíìmù, òun ni olólùfẹ́ tí àwọn obìnrin ń du ara wọn lé lórí. Nínú ìgbé ayé rẹ̀ gan-an, ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Òun àti àwọn tí ó ń bá ṣiṣẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Àìsàn tí ó pa á ni ó tú àṣírí náà, ikú rẹ̀ sì yí ojú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo àrùn éèdì padà.

Ìgbà èwe àti iṣẹ́ ológun

A bí i ní ìlú Winnetka, nítòsí Chicago, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1929, bàbá náà pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀, Katherine, fẹ́ ọkọ mìíràn tí ń jẹ́ Wallace Fitzgerald. Ọkùnrin yìí gba ọmọ náà tọ́ lábẹ́ òfin, ọmọ náà sì di Roy Fitzgerald. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, Roy wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Filipínì gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe. Lẹ́yìn ogun, ó kó lọ sí Los Angeles, níbi tí ó ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù kí ó tó rí iṣẹ́ eré.

Bí Roy ṣe di Rock

Henry Willson, aṣojú àwọn òṣèré, ni ó mú un wọ inú iṣẹ́ fíìmù. Willson gbajúmọ̀ fún fífún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ní orúkọ tuntun. Ó fi orúkọ àpáta Gibraltar àti odò Hudson ṣe ìpìlẹ̀ orúkọ tí ó sọ Roy. Wọ́n tún eyín ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe, wọ́n sì kọ́ ọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀. Fíìmù àkọ́kọ́ tí ó ti hàn ni Fighter Squadron, ní ọdún 1948. Lẹ́yìn náà, iléeṣẹ́ Universal gbà á síṣẹ́, wọ́n sì kọ́ ọ ní eré ṣíṣe, orin, ijó àti ẹṣin gígùn. Báyìí ni àwọn iléeṣẹ́ Hollywood ṣe ń mọ òṣèré nígbà náà: orúkọ, ìrísí, àti ìtàn tí a ń sọ fún aráyé nípa rẹ̀, àwọn ni wọ́n ń ṣètò rẹ̀.

Iṣẹ́ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n

Magnificent Obsession (1954), tí Douglas Sirk darí, ni ó sọ ọ́ di ìràwọ̀. Òun àti Sirk tún jọ ṣe All That Heaven Allows (1955) àti Written on the Wind (1956). Nínú Giant (1956), òun, Elizabeth Taylor àti James Dean ni wọ́n kó ipa pàtàkì, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí ó ń du ẹ̀bùn Oscar, àmọ́ Yul Brynner ni ó gbà á. Láti ọdún 1959, ó ṣe eré ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín mẹ́ta pẹ̀lú Doris Day: Pillow Talk, Lover Come Back àti Send Me No Flowers. Nínú Pillow Talk, ó ṣe ọkùnrin kan tí ó pa irọ́ orúkọ àti ìwà kí ó lè rí ojú rere obìnrin kan. Àwọn olùwòran tí wọ́n wá mọ ìtàn ayé rẹ̀ ti rí ìtumọ̀ mìíràn nínú eré náà. Ní ọdún 1966, ó ṣe Seconds, ìtàn ọkùnrin tí ó ra ojú àti orúkọ tuntun. Fíìmù náà kò pa owó nígbà náà, ṣùgbọ́n a kà á mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tí ó dára jù lọ lónìí. Láti ọdún 1971 sí 1977, ó jẹ́ olórí òṣèré nínú eré tẹlifíṣọ̀n McMillan & Wife.

Ìgbé ayé ìkọ̀kọ̀ àti àhesọ

Àṣírí náà ní ìdí. Ìbálòpọ̀ láàrín ọkùnrin sí ọkùnrin jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin California títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1976. Láti ọdún 1934 ni òfin tí àwọn iléeṣẹ́ fíìmù ṣe fún ara wọn kò ti gbà kí a fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn nínú fíìmù. Bákan náà, àdéhùn iṣẹ́ fún iléeṣẹ́ ní agbára láti lé òṣèré tí ìwà rẹ̀ bá fa ẹ̀gàn.

Ìwé ìròyìn Confidential, tí ó ń ta àṣírí àwọn gbajúmọ̀, tún mú kí ẹ̀rù pọ̀ sí i. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé Willson fi àṣírí àwọn òṣèré mìíràn ra ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn lórí ti Hudson. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1955, ìwé ìròyìn Life gbé àwòrán Hudson sí èèpo iwájú, ó sì ń béèrè ìgbà tí yóò gbéyàwó. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó fẹ́ Phyllis Gates, akọ̀wé Willson. Wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ ní ọdún 1958. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìgbéyàwó náà wà láti bo àṣírí mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí Gates kọ ní ọdún 1987, ó sọ pé ìfẹ́ ni òun fi fẹ́ ẹ, òun kò sì mọ̀ nígbà náà.

Kì í ṣe gbogbo àhesọ ni ó jẹ́ òótọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìròyìn tàn káàkiri pé Hudson àti òṣèré Jim Nabors ti ṣe ìgbéyàwó. Àwàdà ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, irọ́ sì ni, síbẹ̀ àwọn méjèèjì kò lè jẹ́ kí a rí wọn pọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń sọ ọ̀rọ̀ nípa Cary Grant àti Randolph Scott nítorí pé wọ́n jọ gbé ilé kan ní àwọn ọdún 1930, láìsí ẹ̀rí tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ Grant sì ti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ti Hudson yàtọ̀: àwọn ọ̀rẹ́ àti àwọn tí wọ́n bá a gbé jẹ́rìí sí i. Òun fúnra rẹ̀ sì fọwọ́ sí ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí Sara Davidson kọ, èyí tí ó jáde ní ọdún 1986.

Àìsàn àti ikú

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1984, àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní éèdì. Ó pa á mọ́, ó sì ṣe eré Dynasty lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní oṣù Keje ọdún 1985, ó fara hàn pẹ̀lú Doris Day ní ìlú Carmel. Bí ó ti rù tó ba àwọn oníròyìn lẹ́rù. Ó lọ sí Paris fún ìtọ́jú, ó sì ṣubú ní òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní ọjọ́ 21. Wọ́n kọ́kọ́ kéde pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe é, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 25, agbẹnusọ rẹ̀, Yanou Collart, sọ fún ayé pé éèdì ni. Ó padà sí Los Angeles nínú ọkọ̀ òfuurufú Boeing 747 kan tí wọ́n háyà fún un. Ó kú ní ilé rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni ọgọ́ta ọdún. Wọ́n sun òkú rẹ̀, wọ́n sì da eérú rẹ̀ sínú òkun.

Ohun tí ikú rẹ̀ yí padà

Ọdún 1981 ni àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ jábọ̀ àrùn náà, ṣùgbọ́n Hudson ni gbajúmọ̀ ńlá àkọ́kọ́ tí a kéde pé ó ní in. Ó fi 250,000 dọ́là sílẹ̀ fún ìwádìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, Elizabeth Taylor, Mathilde Krim àti àwọn mìíràn dá àjọ amfAR sílẹ̀. Nínú oṣù kan náà, Ààrẹ Ronald Reagan, ọ̀rẹ́ Hudson, dáhùn ìbéèrè àwọn oníròyìn nípa àrùn náà ní gbangba.

Ìkéde náà tún dá ìbẹ̀rù sílẹ̀. Nítorí pé Hudson fẹnu ko Linda Evans lẹ́nu nínú Dynasty, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré pàṣẹ pé kí a máa sọ fún òṣèré ṣáájú bí irú ìran bẹ́ẹ̀ bá wà nínú eré. Lónìí, a mọ̀ pé itọ́ kì í kó kòkòrò HIV ranni. Ní ọdún 1989, ilé-ẹjọ́ dá ọkùnrin kan tí ó ti jẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀ láre, nítorí pé Hudson fi àìsàn náà pamọ́ fún un; àyẹ̀wò ọkùnrin náà fi hàn pé kò kó o. Ìpamọ́ tí ó dáàbò bo iṣẹ́ Hudson fún ọgbọ̀n ọdún ni ó wá di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn lẹ́yìn ikú rẹ̀.